Kí Ìwé Yín Tó Wọ Bàálù: Bí Òǹtẹ̀ Ìjẹ́rìí Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Láti Nàìjíríà

Ẹni tó bá fẹ́ jápa máa ń ro owó físà, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀wù òtútù. Ọ̀rọ̀ ìwé ni kì í tètè sọ sí i lọ́kàn. Kì í ṣe pé kò ní ìwé o. Ó ní sáàtífíkéètì ilé ẹ̀kọ́, ó ní ìwé ọjọ́ ìbí, àwọn mìíràn ní ìwé ìgbéyàwó. Ohun tí kò tíì ní ni ẹ̀rí tí àjèjì tí kò mọ Ìbàdàn yàtọ̀ sí Ìlọrin máa rí, tí yóò fi gbà pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lóòótọ́. Òyìnbó ń pe iṣẹ́ yìí ní authentication, àwọn kan ń pè é ní legalisation tàbí attestation. Òǹtẹ̀ ìjẹ́rìí ni màá máa pè é níbí.

Mo mọ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní Dubai nítorí pé sáàtífíkéètì rẹ̀ ṣì wà ní Àbújá nígbà tí gbèdéke tí wọ́n fún un pé. Mo mọ tọkọtaya tó fi ọ̀pọ̀ oṣù dúró nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Wọn ò kàn mọ bí ètò náà ṣe ń lọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí, kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra ìrìn àjò.

Kí ni òǹtẹ̀ náà ń sọ gan-an?

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ kà, torí pé ẹni tó bá lóye rẹ̀ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Òǹtẹ̀ ìjẹ́rìí kì í sọ pé ohun tó wà nínú ìwé jẹ́ òótọ́. Ohun mẹ́ta péré ló ń sọ: pé ọwọ́ tó wà lórí ìwé náà jẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n ní òun ló fi í síbẹ̀, pé ẹni yẹn wà nípò tó ní òun wà nígbà tó fọwọ́ sí i, àti pé èdìdì ọ́fíìsì tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Ó parí. Bí ìwé ọjọ́ ìbí bá sọ pé 1996 ni wọ́n bí yín, tó sì jẹ́ pé 1991 ni, òǹtẹ̀ mẹ́wàá kò lè sọ ọ́ di òótọ́.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2023. Akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan kọ ọ́ síta pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Kútọnu, tóun sì tún fi ṣe agùnbánirọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dá gbígba ìwé ẹ̀rí dígírì láti Benin àti Togo dúró ná. Ohun tó bani lẹ́rù nínú ìròyìn yẹn ni pé kì í ṣe ìwé Olúwọlé ni akọ̀ròyìn náà ní òun gbà. Ìwé wà, ẹ̀kọ́ ni kò sí. Àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé gidi níbẹ̀ náà jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Nítorí náà, tí ọ̀gá kan ní Jámánì tàbí Kánádà bá ní òun ṣì fẹ́ yẹ ìwé yín wò lẹ́yìn tí ẹ ti gba gbogbo òǹtẹ̀, ẹ má bínú. Òǹtẹ̀ ti sọ tirẹ̀. Ohun tó kù ni wọ́n ń wá.

Apostille: kí ló dé tí tiwa fi gùn?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1961, àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹnu kò ní ìlú The Hague, ní Netherlands, pé kí ìrìn àjò ìwé láti ilẹ̀ kan sí òmíràn má ṣòro mọ́. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kínní ọdún 1965. Ohun tó mú wá ni ìwé ẹ̀rí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní apostille. Onígun mẹ́rin ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 9, ó ní ìlà 10 tí wọ́n ń kọ nǹkan sí, èdè Faransé ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi kọ àkọlé rẹ̀, orílẹ̀-èdè yòówù kó ti wá. Ìwé tó bá ti ní in kò nílò ẹ́ḿbásì kankan mọ́. Òǹtẹ̀ kan, ó tán.

Ó lé ní 120 orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú àdéhùn yìí. Britain wà níbẹ̀, Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Jámánì náà wà níbẹ̀. Brazil wọlé ní 2016, Sáúdí Arébíà ní 2022, Ṣáínà ní 2023, Kánádà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kínní 2024. Nílẹ̀ Áfíríkà, South Africa, Senegal àti Rwanda wà lára wọn.

Nàìjíríà kò sí níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n á ní, "Ṣebí Kánádà ti ń gba apostille báyìí, ẹ jẹ́ n wá ẹni tó máa bá mi gbà á l'Ékòó." Rárá o. Orílẹ̀-èdè tí ìwé ti ń jáde àti èyí tó ń lọ ló gbọ́dọ̀ jọ wà nínú àdéhùn náà. Bó ṣe jẹ́ pé tiwa kò sí níbẹ̀, kò sí ọ́fíìsì kankan ní Nàìjíríà tó láṣẹ láti fún èèyàn ní apostille. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín gba "apostille Nàìjíríà", ẹ bi í léèrè ohun tó ń tà gan-an. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ló ní lọ́kàn, orúkọ ló ṣì pè. Bó bá jẹ́ ìwé onígun mẹ́rin tó ní àkọlé Faransé ló fẹ́ gbé fún yín, ẹ sá.

Láti ọ́fíìsì kan sí èkejì

Tiwa dà bí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so mọ́ra. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí ọwọ́ ọ́fíìsì tó wà níwájú rẹ̀ nìkan.

Àkọ́kọ́, orísun: ọ́fíìsì tó kọ ìwé náà fún yín. Ìkejì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ní Tafawa Balewa House, l'Ábùújá. Ìkẹrin, ẹ́ḿbásì tàbí kọ́ńsúlétì orílẹ̀-èdè tí ìwé ń lọ. Ní àwọn ilẹ̀ kan, ìkarùn-ún tún wà: iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tiwọn, lẹ́yìn tí ẹ bá gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún.

Kí ló dé tí èèyàn ò lè fo ọ̀kan? Ìdí ni pé ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ ìbuwọ́lù àwọn tó mọ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n ń fi wé èyí tó wà lórí ìwé yín. Òṣìṣẹ́ l'Ábùújá kò mọ ọwọ́ akọ̀wé àgbà yunifásítì yín, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ ẹni tó ń fọwọ́ síwèé ní Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́. Ẹ́ḿbásì náà kò mọ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ ti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá gbé sáàtífíkéètì lọ sí ẹ́ḿbásì tààrà, wọ́n á dá a padà ni, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ti orísun bá ti wọ́, gbogbo òǹtẹ̀ yòókù lórí ìwé tó wọ́ ló wà.

Ìwé kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀

*Ìwé ilé ẹ̀kọ́.* Yálà dígírì ni, NCE ni tàbí ìwé poli bíi tèmi, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ l'Ábùújá ló ń kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i kó tó kọjá sí ti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ mú ojúlówó dání pẹ̀lú fọ́tókópì. Statement of result kì í tẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ́ḿbásì lọ́rùn, torí náà ẹni tí sáàtífíkéètì rẹ̀ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ látọjọ́ tó ti jáde, kó tètè lọ gbà á. Ohun kan tún wà: ẹ má ṣe lámínéètì sáàtífíkéètì! Mo mọ̀ pé àwọn òbí wa fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní kí omi má bà á jẹ́. Òǹtẹ̀ kì í mú lórí ọ̀rá. Bí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ bá fẹ́ kí òǹtẹ̀ wà lẹ́yìn ojúlówó, ẹ ó máa wá ẹni tó máa ṣí ọ̀rá láìya ìwé.

*Ìwé ọjọ́ ìbí.* Àjọ tó ń ka iye ènìyàn, ìyẹn NPC, ló ni iṣẹ́ yìí lábẹ́ òfin ọdún 1992 tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan. Ọ̀pọ̀ wa tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, àti àwọn tí òbí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, káàdì ọsibítù tàbí ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ni wọ́n ní. Àwọn mìíràn ní ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn lọ ṣe ní kóòtù. Èyí tí òkèèrè sábà máa ń béèrè báyìí ni ìwé NPC fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọdún 18, tí kò sì ní sáàtífíkéètì NPC, ìwé ìjẹ́rìí ìbí tí àjọ náà ń fún àgbàlagbà ló máa gbà. Ẹ má ṣe gbé ìwé ìbúra ọjọ́ orí lọ kẹ́ ẹ máa retí pé kó ṣe iṣẹ́ sáàtífíkéètì.

*Ìwé ìgbéyàwó.* Òfin ìgbéyàwó ti wà láti 1914. Ìwé tó bá jáde látinú àkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn ni ilẹ̀ òkèèrè ń wá, yálà ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó Ìkòyí, ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ. Ìwé ìrántí aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lè dára lára ògiri, àmọ́ ó lè má jẹ́ ohun kan náà. Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún ìjọba àpapọ̀. Bí tiyín bá wá láti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ rí ọwọ́ iléeṣẹ́ yẹn lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ fẹ́yàwó lókè òkun náà máa nílò ìwé tó fi hàn pé kò tíì ní ọkọ tàbí aya.

*Ìwé ìkọ̀sílẹ̀.* Ilé ẹjọ́ gíga máa ń kọ́kọ́ fúnni ní Decree Nisi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ń di Absolute. Absolute ni kẹ́ ẹ mú lọ. Ẹni tó bá gbé Nisi lọ fẹ́ ẹlòmíràn, lójú òfin, ó ṣì wà nílé ọkọ rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

*Ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ìjọba mìíràn.* Ẹ kò ní gba ojúlówó kúrò lọ́wọ́ kóòtù. Ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó bá ojúlówó mu, tí a mọ̀ sí CTC, ni ẹ ó gbà. Abala 104 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí ẹ bá ti san owó tó yẹ. Ẹ wò ó dáadáa bóyá orúkọ òṣìṣẹ́, ipò rẹ̀, ọjọ́ àti èdìdì pé sórí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ̀dà lásán ni.

*Ìwé ọlọ́pàá.* Ìwé tó ń sọ pé ẹ kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn ń béèrè ìtẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó mọ Alágbọn ní Ìkòyí dáadáa fún èyí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí. Ẹ má tètè gbà á jù, torí àwọn ilẹ̀ tó ń béèrè rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ èyí tí kò tíì pẹ́.

*Ìwé tí lọ́yà kọ.* Notary public ló ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àti ìwé àṣẹ ìṣojú. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ni notary o. Adájọ́ àgbà Nàìjíríà ló ń yàn wọ́n. Lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Law School lè kọ ìwé yín dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè fi èdìdì notary sí i.

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀

*Dubai, Abu Dhabi àtàwọn yòókù ní UAE.* UAE kò sí nínú àdéhùn apostille. Ètò gígùn yẹn pátápátá ni: Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, ẹ́ḿbásì UAE l'Ábùújá, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn lọ́hùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ níbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé lọ́jọ́ tó gba lẹ́tà.

*Jámánì.* Èyí yàtọ̀ pátápátá. Àwọn aṣojú Jámánì ní Nàìjíríà kì í fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé Nàìjíríà mọ́, torí wọ́n ní ayédèrú ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀ ni ìwádìí. Ọ́fíìsì tó nílò ìwé yín ní Jámánì, bí ọ́fíìsì ìgbéyàwó tàbí ti àwọn àjèjì, ló máa ń bẹ ẹ́ḿbásì tàbí kọ́ńsúlétì wọn níbí pé kí wọ́n wádìí. Wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún lọ́yà tí wọ́n fọkàn tán, ẹni yẹn á sì lọ sí ibi tí ìwé ti jáde, ó lè dé ilé ẹ̀kọ́, ó lè dé àdúgbò. Ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀, ó sì máa ń gba oṣù. Bí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín gba òǹtẹ̀ ẹ́ḿbásì Jámánì sórí ìwé ìgbéyàwó yín, ohun tí kò sí lọ́jà ló ń tà fún yín. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé náà pé ẹnì kan lè wá béèrè yín. Màmá tó bá sọ pé "Mi ò mọ ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀" nítorí pé ó rò pé ajínigbé ni, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ láìmọ̀.

*Brazil.* Kọ́ńsúlétì wọn máa jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Tí ẹ bá dé Brazil, ògbufọ̀ tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ túmọ̀ ìwé náà sí èdè Pọ́túgà. Ìtumọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín tó gbọ́ èdè náà ṣe kò wúlò.

*Britain, Kánádà àti Amẹ́ríkà.* Ẹ lè sinmi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ kì í béèrè òǹtẹ̀ Àbújá rárá. Transcript tí ilé ẹ̀kọ́ yín fi ránṣẹ́ tààrà ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé. Àjọ WES náà, tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé fún Kánádà àti Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn: kó wá láti ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kó má gba ọwọ́ yín kọjá. Mo ti rí ọmọ tó náwó lọ sí Àbújá láti Ọ̀ṣun fún òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ kọ́kọ́ gba àlàyé lọ́wọ́ ẹni tó máa gba ìwé náà. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wo, lórí ojúlówó ni àbí lórí ẹ̀dà, èdè wo, kí ìwé má sì tíì pé oṣù mélòó.

Orúkọ: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ wá lórúkọ kò wo ti kọ̀ǹpútà o.

Ẹ wo ìyà tó ń jẹ Yorùbá níbí. Orúkọ kan náà ni Adéṣínà, ṣùgbọ́n WAEC kọ ọ́ ní Adesina, páspọ́ọ̀tù kọ ọ́ ní Adeshina. Lójú tiwa, ṣ ni ṣ. Lójú ẹ̀rọ ní Frankfurt, èèyàn méjì ni. Ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ páspọ́ọ̀tù kì í gba àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀, A dé Z lásán ni. Ìdí nìyẹn tí Ọlá àti Òlà fi lè di ohun kan náà, tí Ṣ sì ń di S tàbí SH gẹ́gẹ́ bó ṣe wu akọ̀wé. Ìbráhímù lè jẹ́ Ibrahim níhìn-ín, Ibraheem lọ́hùn-ún.

Tún fi èyí kún un: ọmọ tó ń jẹ́ Wálé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó di Adéwálé ní girama, ìdílé tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí tó di Olúbíyìí lẹ́yìn tí wọ́n di àtúnbí, obìnrin tí sáàtífíkéètì rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá, tí páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ń jẹ́ ti ọkọ, orúkọ ìdílé tó wà níwájú lórí ìwé kan, tó wà lẹ́yìn lórí òmíràn. Ohun tí a mọ̀ pé kò tó nǹkan, òun ló ń dá ìwé padà.

Kí lẹ lè ṣe? Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí tábìlì kan: páspọ́ọ̀tù, NIN, ìwé ọjọ́ ìbí, WAEC, dígírì, ìwé ìgbéyàwó. Ẹ kọ orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, àti ọjọ́ ìbí. Páspọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, torí òun ni òkèèrè máa kọ́kọ́ wò.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ló yàtọ̀, ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́ gíga pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì lè tó. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ti yí padà pátápátá, ẹ máa nílò ìwé ìyípadà orúkọ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ojú ewé ìwé ìròyìn náà odindi, kì í ṣe ibi tí ẹ gé jáde nìkan. Bó bá jẹ́ pé àjọ tó kọ ìwé ló ṣe àṣìṣe, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tún un ṣe. Àtúnṣe láti orísun dára ju ìwé ìbúra mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é kí òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí rẹ̀, torí tí ẹ bá tún un ṣe lẹ́yìn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ náà kò gbẹ́yìn. 04/05/1994 jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ni ará Amẹ́ríkà máa kà á sí. Níbi tí ẹ bá ti láǹfààní, ẹ kọ orúkọ oṣù.

Àwọn tọ́ọ̀tù

Ká má parọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bá èèyàn sáré ìwé ni gbájúẹ̀. Ẹni tó wà ní Òṣogbo, tí kò lè lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mẹta, lè nílò ẹni tó máa ṣojú rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ìṣòro wà níbi tí ẹni náà ti ní òun máa mú un wá lọ́la, kẹ́ ẹ sáà fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Owó ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kì í wọ àpò òṣìṣẹ́. Remita ni wọ́n sábà fi ń san án, ó sì ń jáde pẹ̀lú nọ́ńbà rísíìtì. Ẹ gba rísíìtì yẹn lórúkọ ara yín. Ẹni tí kò bá lè fi rísíìtì hàn, ó ṣeé ṣe kó má dé ọ́fíìsì rárá. Lẹ́yìn tí ìwé bá padà dé, ẹ wo orúkọ òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ẹ lè gbé e padà lọ béèrè bóyá àwọn ló fún yín.

Nítorí tí òǹtẹ̀ ayédèrú bá tú, kì í ṣe tọ́ọ̀tù ni wọ́n máa kọ̀wé sí. Orúkọ yín ló wà lórí páspọ́ọ̀tù. Britain lè sọ pé ẹni tó fi ìwé ayédèrú béèrè físà kò ní wọ ilẹ̀ àwọn fún ọdún 10. Sáàtífíkéètì yín lè jẹ́ ojúlówó láti òkè délẹ̀, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí tọ́ọ̀tù fi káàdì ọ̀dàlẹ̀ gbẹ́ lè sọ òótọ́ yín di irọ́.

Tí ìwé bá ń bọ̀ láti òkèèrè wá sílé

Ọ̀nà kan náà ló ń padà gbà. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tó fẹ́ kí àbúrò òun bá òun ta ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí kó gba ogún bàbá wọn, ìwé àṣẹ ìṣojú ló máa kọ. Abala 150 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ pé kóòtù wa máa gbà pé irú ìwé yìí jẹ́ ojúlówó tó bá jẹ́ pé níwájú notary, adájọ́, tàbí kọ́ńsúlù Nàìjíríà ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, tí ẹni yẹn sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni "níwájú". Kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i ní pálọ̀, kẹ́ ẹ wá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kò tó.

Ní Britain, lẹ́yìn notary, ọ́fíìsì ìjẹ́rìí ìwé ti ìjọba ní Milton Keynes máa fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó kan iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní London. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tí ẹ ti fọwọ́ sí i ló ń kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọn àti ọ̀dọ̀ aṣojú Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó wà nílé sọ ibi tó fẹ́ kí ó dé, kẹ́ ẹ má baà ná owó pọ́n-ùn sórí òǹtẹ̀ tí kò nílò.

Kí ẹ tó jáde nílé

1. Ẹ gba àlàyé kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó máa gba ìwé náà.
2. Ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí gbogbo ìwé wé ti páspọ́ọ̀tù. Ẹ tún èyí tó wọ́ ṣe lákọ̀ọ́kọ́.
3. Ẹ gba ojúlówó láti orísun. Ẹ má lámínéètì rẹ̀.
4. Ẹ ṣe fọ́tókópì tó mọ́ tó mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì tún ya gbogbo rẹ̀ sínú fóònù.
5. Ẹ tẹ̀ lé ètò: orísun, iléeṣẹ́ tó ni í, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ẹ́ḿbásì.
6. Ẹ tọ́jú rísíìtì gbogbo owó tí ẹ san.
7. Ìwé tó máa ń tètè gbó, bíi ti ọlọ́pàá, ni kẹ́ ẹ gbà gbẹ̀yìn.
8. Ìtumọ̀ èdè wà lẹ́yìn òǹtẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá sọ ohun mìíràn, kí òǹtẹ̀ náà lè wà nínú ohun tí wọ́n túmọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń bi mí pé, "Mi ò tíì ní físà, kí ni mo fẹ́ fi òǹtẹ̀ ṣe?" Òótọ́ ni, kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ gba òǹtẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ orúkọ àti ti orísun kò nílò físà. Ẹni tó bá ti ṣe méjèèjì kò ní máa sáré kiri nígbà tí lẹ́tà bá dé. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wá tábìlì kan, kẹ́ ẹ tẹ́ ìwé yín sílẹ̀.